Pákó Okobàbà fún ìdí ìbọn ọdẹ: igi ń bẹ, gbígbẹ ni kò sí

Ẹni tó bá fẹ́ yọ ìdí ìbọn ọdẹ tó ti ilé-iṣẹ́ wá, kó sì fi igi gidi rọ́pò rẹ̀, yóò rí oríṣiríṣi igi ní Okobàbà, Ẹ̀bútẹ́-Mẹ́ta. Etí ọ̀sà ló wà. Ẹni tó ń gba orí afárá Third Mainland kọjá ń wò ó láti òkè. Ìjọba Èkó ń kó àwọn onígẹdú lọ sí Agbowa, nítorí náà kí ẹ kọ́kọ́ bèèrè ibi tí ẹni tí ẹ fẹ́ rà lọ́wọ́ rẹ̀ wà báyìí. Ìdí àtijọ́ nìkan ni kí ẹ mú dání lọ. Kí ìbọn wà nílé pẹ̀lú ìwé àṣẹ rẹ̀.

Àléébù ọjà yìí kan ṣoṣo ló wúwo: omi. Wọ́n ń so gẹdú pọ̀, wọ́n ń fà á gba orí ọ̀sà wá. Igi tó ti sùn sínú omi, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ là lánàá, kò lè di irin ìbọn mú. Bí ẹ bá gbẹ́ ẹ ní tútù, á máa sún kì bó ṣe ń gbẹ. Bóòtù tó so ìdí mọ́ irin, tí ẹ fún le, á dẹ̀, irin á máa mì nínú ihò rẹ̀, ọjọ́ tí ìbọn bá sì dún dáadáa ni ọrùn ìdí, ibi tóóró tí ọwọ́ ti ń dì í mú, á là. Òǹtajà á ní ó ti gbẹ. Ẹ má gbà á gbọ́.

Ìṣirò àwọn oníṣẹ́ igi ni ọdún 1 fún íǹṣì 1 nípọn. Pákó íǹṣì 2½ ni ìdí ìbọn ń fẹ́, ìyẹn ọdún 2½ lábẹ́ òrùlé, níbi tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí tí oòrùn kò dé. Ẹ fi ọ̀dà tàbí àbẹ́là yíyọ́ kun orí pákó méjèèjì, torí ibẹ̀ ni omi ti ń yára jáde, ibẹ̀ náà ló sì ti ń là. Ẹ máa gbé e sórí òṣùwọ̀n lóṣooṣù, kí ẹ sì kọ iye rẹ̀ sára rẹ̀. Nígbà tí iye náà kò bá lọ sílẹ̀ mọ́ fún oṣù 3, ó ti tó gbẹ́. Ẹni tí kò lè dúró, kó wá igi àjà ilé àtijọ́ tí wọ́n wó, kó sì fara balẹ̀ yọ ìṣó inú rẹ̀.

Nínú gbogbo igi ibẹ̀, mansonia la yàn. Iṣan rẹ̀, ìyẹn ìlà inú igi, gùn tààrà, ìwọ̀n rẹ̀ kò jìnnà sí ti wólnọ́ọ̀tì tí àwọn òyìnbó ń lò, síṣẹ́lì sì ń wọ inú rẹ̀ láìfà á ya. Ṣùgbọ́n ìyẹ̀ ayùn rẹ̀ burú: ó ń múni sín, ó tilẹ̀ lè mú kí imú ṣẹ̀jẹ̀. Ẹ bo imú àti ẹnu, kí ẹ má sì ṣe é nínú yàrá.

Ọ̀gáńwó, ìyẹn mahógánì, ló tẹ̀lé e. Ó fúyẹ́, nítorí náà ìbọn á ta èjìká ju tẹ́lẹ̀ lọ. Iṣan rẹ̀ sì máa ń lọ́ mọ́ra, tí pléènà á fi máa fà á tu. Igi pupa púpọ̀ ni wọ́n ń pè ní mahógánì níbẹ̀, ẹ gé e díẹ̀ kí ẹ wo inú rẹ̀. Àpá kì í yẹ̀, ṣùgbọ́n bí ìdí ìbọn tí a fi wólnọ́ọ̀tì ṣe bá wọn kìlógíráàmù 1, ti àpá á wọn bíi 1¼. Ìrókò lè ní òkúta nínú tó ń pa ẹnu irin iṣẹ́. Ìdígbó ni kí ẹ má fọwọ́ kàn rárá: bí ọ̀rinrin bá dé, oje rẹ̀ máa ń jẹ irin, igi náà á sì dúdú níbi tí irin ti fara kàn án. Arère rọ̀ jù.

Ẹ gé páálí bí ìdí àtijọ́ ṣe rí, kí ẹ tẹ́ ẹ sórí pákó tó gùn tó íǹṣì 20, tó fẹ̀ tó 7. Ti ráífù tí igi rẹ̀ jẹ́ ẹyọ kan láti ìdí dé iwájú ń fẹ́ íǹṣì 36. Ẹ máa yí páálí náà títí iṣan igi á fi gba inú ọrùn kọjá ní gígùn. Iṣan tó bá gé ọrùn ní ìdábùú, ibẹ̀ ni yóò ti ṣẹ́, bó ti wù kí igi náà lẹ́wà tó. Ẹ yẹra fún ọ̀kan àárín igi, àti fún apá funfun ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tí kòkòrò fẹ́ràn. Ẹ dúró ti ẹni tó ń là á. Bí ẹ bá ṣe wí ló máa ṣe, kò ní wo iṣan fún yín.

Nígbà gbígbẹ́, ẹ fi èéfín àtùpà kun irin, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́ igi. Ibi tó bá dúdú ni kí ẹ fá díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀yìn ìrù irin, níbi tó ti wọ orí ọrùn, ẹ fi àlàfo bíi mìlímítà 1 sílẹ̀. Bí igi bá kan ìrù yẹn, ìgbà tí ìbọn bá ta ni yóò là á bí èèkàn. Ti ráífù, bébà gbọ́dọ̀ lè kọjá láàárín ọ̀pá ìbọn àti igi iwájú, torí òjò Èkó á mú igi wú, á ti ọ̀pá náà sí ẹ̀gbẹ́, ọta kò sì ní lọ síbi tí ẹ fojú sùn mọ́. Bí ẹ bá fẹ́ fi gọ́ọ̀mù epóksì ṣe ibi tí irin jókòó sí, ẹ fi pólíìṣì bàtà kun irin dáadáa ṣáájú, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ kò ní yọ mọ́.

Láti ibi tí ìka ti ń fa ìbọn dé òpin ìdí, íǹṣì 14 sí 14½ ló wọ́pọ̀. Rọ́bà ẹ̀yìn wà nínú rẹ̀; bí ó bá nípọn íǹṣì 1, ẹ gé igi kúrú tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ fi òróró líńsíìdì sísè pa á fẹ́ẹ́rẹ́ nígbà 6 sí 8, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan gbẹ fún ó kéré tán wákàtí 24. Ẹ pa inú ihò irin àti abẹ́ rọ́bà náà, torí ibẹ̀ ni omi ń gbà wọlé. Ẹ tẹ́ aṣọ tí ẹ fi pa á sílẹ̀ níta kó gbẹ, torí bí ẹ bá ká a jọ, ó lè gbiná fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn tí ẹ bá fi òróró nu ìbọn, ẹ gbé ẹnu rẹ̀ sísàlẹ̀ di ọjọ́ kejì, kí òróró má baà ṣàn sínú orí ọrùn. Igi tó bá mu ún pẹ́ á rọ̀ bí búrẹ́dì.