Pèrègún, akòko tàbí ewúro: èwo lẹ fẹ́ rà fún àgbàlá tí omi ò tó?

Ní Ìlọrin, òjò máa ń dáwọ́ dúró ní ìparí Oṣù Kẹwàá, kì í sì í fìdí múlẹ̀ padà títí di Oṣù Kẹrin. Láàárín ìgbà yẹn ọyẹ́ ń fẹ́, kàǹga ń gbẹ, ta ló wá fẹ́ bu omi ìwẹ̀ ọmọ sídìí òdòdó? Ẹ̀yin tó fẹ́ ra igi fún àgbàlá, mo bẹ̀ yín, ẹ kọ́kọ́ wo àwọn igi ilẹ̀ wa. Mẹ́ta ni mo ti gbìn sílé mi ní Gáà Àkànbí.

Pèrègún ni mo fẹ́ràn jù. Tòjò tẹ̀ẹ̀rùn lewé rẹ̀ ń tutù. Abájọ táwọn baba wa fi ń rì í sí ààlà oko: ààlà tí ẹ̀ẹ̀rùn bá lè pa, ìjà ló ń dá sílẹ̀. Igi rẹ̀ tí ẹ gé ní ìwọ̀n apá kan, tí ẹ rì mọ́lẹ̀ níbẹ̀rẹ̀ òjò, yóò ta gbòǹgbò. Oòrùn ọ̀sán gangan nìkan ló ń bá a jà, etí ewé á gbẹ, nítorí náà ẹ gbìn ín síbi tí òjìji ògiri ń kàn án lọ́sàn-án. Èyí tó ní ìlà àwọ̀ ìyeyè láàárín ewé, tí àwọn olódòdó ń gbówó lé, pèrègún náà ni, ṣùgbọ́n oòrùn tètè ń jó o. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló yẹ ẹ́. Bó bá dàgbà, a máa tan òdòdó tí òórùn rẹ̀ ń ta sánsán lálẹ́. Ewé rẹ̀ lóró fún ajá àti ológbò o.

Akòko fara da oòrùn jù ú lọ. Ẹ̀ka rẹ̀ ń lọ sókè ṣánṣán, kì í fẹ̀ jù, ó dáa fún ọgbà. Ewé tí wọ́n fi ń jẹ olóyè lórí ni, kò sẹ́ni tí kò mọ̀ ọ́n ní Ọ̀fà tàbí Òmù-Àrán. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ ààbọ̀ pulọ́ọ̀tì lẹ ní, ẹ rò ó dáadáa: bẹ́ ẹ kò bá ń gé e, yóò ga ju òrùlé lọ.

Ewúro ò gba àlàyé púpọ̀. Ẹ̀ ń gé e sọ́bẹ̀, ó ń rú sí i. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá le, ewé rẹ̀ á kéré, á sì dín kù. Ẹni tó bá fẹ́ ọgbà tó dí pinpin ní Oṣù Kejì, kì í ṣe òun. Ewúrẹ́ àdúgbò pẹ̀lú yóò bá yín jẹ ẹ́.

Igi masquerade tó kún iwájú ilé tuntun, láti Íńdíà ló ti wá. Ó lẹ́wà, àmọ́ irúgbìn ni wọ́n fi ń hù ú, ẹ ò lè gé ẹ̀ka aládùúgbò rì mọ́lẹ̀ bíi ti pèrègún.

Ìgbà tẹ́ ẹ rà á tún ṣe kókó ju èyí tẹ́ ẹ rà lọ. Mo ra akòko mẹ́fà inú ọ̀rá dúdú ní Oṣù Kọkànlá ọdún kan. Kí Oṣù Kejì tó dé, méjì péré ló kù. Wọ́n ti pẹ́ jù nínú ọ̀rá, gbòǹgbò ti ká jọ bí okùn, abẹ́ ibòji ni olódòdó sì ti tọ́ wọn dàgbà. Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ yẹ ìdí ọ̀rá wò: bí gbòǹgbò tó nípọn bá ti yọ jáde, ẹ fi í sílẹ̀. Bó bá jẹ́ igi gígé ni, ẹ ní kí wọ́n fi orí àti ìdí rẹ̀ hàn yín, torí pé èyí tí a bá rì lódì ṣòro láti hù. Oṣù Kẹrin sí Oṣù Keje ni kẹ́ ẹ gbìn ín.

Ẹ̀ẹ̀rùn àkọ́kọ́ ni wọ́n nílò yín jù. Ààbọ̀ garawa omi lọ́sẹ̀, ní ìrọ̀lẹ́, fún ìdí kọ̀ọ̀kan. Ẹ fi koríko gbígbẹ bo ilẹ̀ ìdí rẹ̀, ṣùgbọ́n kó má kan ara igi, nítorí ikán. Ní ẹ̀ẹ̀rùn kejì, pèrègún mi ò gba omi kankan lọ́wọ́ mi mọ́.