Ìwé pélébé lórí ìjọba ológun àjèjì: ó yẹ ní rírà, ṣùgbọ́n ajẹ́lẹ̀ kò sí níbẹ̀

Ojú ewé 40 ni ìwé pélébé tí àwọn oníṣẹ́ fọ́tókọ́pì ń tà fáwọn akẹ́kọ̀ọ́ nítòsí géètì Yunifásítì Ifẹ̀ yìí, ₦1,500. Ó ń ṣàlàyé ìdí tí àwọn tó ṣẹ́gun, tí wọ́n wá fi ológun jókòó sórí ìlú onílùú, fi ń rí i ṣe níbì kan, tí wọ́n sì ń fìdí rẹmi níbòmíràn.

Orí tó dá lórí Jàpáánì ló dáa jù. MacArthur, ọ̀gágun Amẹ́ríkà tó ń ṣàkóso Jàpáánì lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, kò yọ Ọba Hirohito nípò. Ó ń pàṣẹ, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba Jàpáánì fúnra wọn ló ń mú un ṣẹ. Wọ́n gba ilẹ̀ lọ́wọ́ àwọn onílẹ̀ ńlá, wọ́n tà á fún àgbẹ̀ tó ń dáko lórí rẹ̀. Nígbà tí ebi ń pa ìlú, oúnjẹ ń ti Amẹ́ríkà wá. Ìbẹ̀rù Soviet náà mú kí onílé fara mọ́ àlejò. Ní April 1952, ìjọba padà sọ́wọ́ onílé.

Ti Ìràákì náà gún régé. Ní May 2003, Bremer, ẹni tí Amẹ́ríkà fi ṣàkóso ibẹ̀, fi àṣẹ kìíní lé àwọn ọ̀gá Ba'ath, ẹgbẹ́ òṣèlú Saddam Hussein, kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tó fi àṣẹ kejì tú iṣẹ́ ológun ká. Ọ̀kẹ́ àìmọye ọkùnrin tó mọ ìbọn yìn di aláìríṣẹ́.

Lórí Jámánì, ìwé náà gbé gbogbo ìyìn fún owó Marshall, ìyẹn owó ìrànwọ́ tí Amẹ́ríkà fi tún Yúróòpù ṣe lẹ́yìn ogun. Kò rí bẹ́ẹ̀: 1948 ni ètò yẹn bẹ̀rẹ̀, owó tuntun tí wọ́n ná ní June ọdún náà ló kọ́kọ́ dá ọjà padà sórí àtẹ.

Èyí tó dùn wá jù ni pé ìwé tí wọ́n ń tà ní Ifẹ̀ kò dárúkọ ajẹ́lẹ̀, aṣojú tí aṣẹ́gun fi jókòó sí ìlú tó ṣẹ́gun, rárá. Ìbàdàn ṣẹ́gun Iléṣà ní 1870, ajẹ́lẹ̀ wọn sì wà káàkiri ìlú Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì. Wọ́n fi àwọn ọba sílẹ̀ lórí ìtẹ́, bíi ti Jàpáánì, síbẹ̀ kò gbà. Ìlú ló ń bọ́ ajẹ́lẹ̀ àti àwọn ẹmẹ̀wà rẹ̀: ewúrẹ́, iṣu, ohun tí ojú wọn bá rí, ọwọ́ wọn á gbé e, kò sì sẹ́ni tó mọ ọjọ́ tí wọn yóò lọ. Ní 1878, Fábùnmi dìde sí wọn ní Òkè-Ìmẹ̀sí, ogun Kírìjí tẹ̀ lé e, Ògèdèǹgbé Iléṣà sì wá di olórí ogun àwọn tó dìde sí Ìbàdàn. Orí kan lórí èyí ni ìbá fi hàn pé fífi ọba sílẹ̀ nìkan kò tó.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ ṣí àwòrán ilẹ̀ Jámánì wò. Ìlà tó pín in sí mẹ́rin fún Amẹ́ríkà, Gẹ̀ẹ́sì, Faransé àti Soviet sábà máa ń dúdú mọ́ra; ẹ ní kí wọ́n tún un tẹ̀.