Kíìtì wo lẹ fẹ́ rà fún dáyórámà ayé ọjọ́ iwájú? 1/144, 1/35 àti 1/20 ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn

Ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ dáyórámà ìtàn àròsọ sáyẹ́ǹsì, ìyẹn ìran kékeré tí a fi kíìtì (ẹ̀yà ike tí a ń tò pọ̀) ṣe, róbọ́ọ̀tì ojú páálí ló sábà máa ń wò kó tó sanwó. Èmi á ní kí ẹ kọ́kọ́ wo ilẹ̀ tí róbọ́ọ̀tì náà máa dúró lé. Ilẹ̀, ògiri, pàǹtírí àti àwọn ènìyàn tó wà níbẹ̀ ló ń sọ kíìtì di ìtàn, àwọn náà ló sì ń jẹ owó àti àsìkò jù. Ìwọ̀n tí ẹ bá yàn ló máa sọ bí gbogbo wọn ṣe máa tóbi tó: 1/144 túmọ̀ sí pé ohun gidi tóbi tó ìlọ́po 144 ti kíìtì rẹ̀.

Mẹ́ta ni mo fẹ́ gbé síwájú yín: Gunpla ti Bandai, ìyẹn kíìtì àwọn róbọ́ọ̀tì inú ìtàn Gundam, ní 1/144, Maschinen Krieger, ìtàn ẹ̀wù ogun onírin, ní 1/20, àti kíìtì ológun Tamiya ní 1/35, èyí tí ẹ máa fọwọ́ ara yín sọ di ohun ọjọ́ iwájú. Japan ni gbogbo wọn ti wá.

Ẹ mú pákó tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 30. Ní 1/144, ilẹ̀ bíi mítà 43 ló wà lórí rẹ̀. Ó gba títì, ilé méjì, àti róbọ́ọ̀tì tó ṣubú sáàárín wọn. Ní 1/35, ó di mítà 10 àti ààbọ̀, ìyẹn iwájú ilé kan pẹ̀lú ọkọ̀ kan. Ní 1/20, mítà 6 péré ni. Ènìyàn tó ga ní mítà 1.75 á di mìlímítà 12 ní 1/144, sẹ̀ǹtímítà 5 ní 1/35, á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó sẹ̀ǹtímítà 9 ní 1/20. Ẹ fi rúlà wò ó. Ti àkọ́kọ́, ojú àti imú ò hàn lára rẹ̀. Ti ìkẹyìn, tí ẹ bá kun ojú rẹ̀ tó wọ́, kò sí ẹni tí kò ní rí i.

Gunpla ló rọrùn jù láti bẹ̀rẹ̀. Láti ọdún 1980 ni Bandai ti ń tà á. Kíìtì HG (High Grade, ọ̀kan nínú àwọn ìpele Gunpla) ti òde òní kò nílò gọ́ọ̀mù, ẹ kàn máa fi ọ̀kan tẹ èkejì ni, àwọ̀ sì ti wà lára ike náà. Gundam àkọ́kọ́, tí ìtàn ní ó ga ní mítà 18, á di sẹ̀ǹtímítà 12 àti ààbọ̀. Ìpele RG (Real Grade) náà jẹ́ 1/144, ṣùgbọ́n ẹ̀yà wẹ́wẹ́ rẹ̀ pọ̀ gan-an, owó rẹ̀ sì lé. Fún dáyórámà, mi ò rí ìdí tí ẹ fi máa ra RG, nítorí eruku àti ìpata tí ẹ máa kùn sí i á bo púpọ̀ nínú ohun tí ẹ sanwó fún. Nínú àwọn ìpele tó tóbi jù, MG (1/100) ga tó sẹ̀ǹtímítà 18, PG (1/60) tó 30. Ẹ rántí pé ilé tó bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn gbọ́dọ̀ tóbi bákan náà.

Ohun tó tún mú mi fẹ́ràn 1/144 ni pé ọkọ̀ ojú irin kékeré tí wọ́n ń pè ní N gauge, 1/150 ni wọ́n ń ṣe é ní Japan. Ilé, òpó iná àti ènìyàn rẹ̀ wà lọ́jà lóríṣiríṣi, ojú ò sì lè mọ ìyàtọ̀ láàárín 150 àti 144. Ẹ máa rí ìlú rà láìjẹ́ pé ẹ kọ́ gbogbo rẹ̀.

Àmọ́ ẹ ṣọ́ra fún ọ̀dà ẹnámẹ́ẹ̀lì olómi tí wọ́n ń ṣàn sí ojú ìlà ara róbọ́ọ̀tì. Tó bá ráyè wọ ojú oríkèé ike tí a kò tíì kùn, ike náà lè sán. Ẹ kọ́kọ́ fi fáníìṣì bò ó.

Maschinen Krieger ni ọkàn mi fà sí jù, mi ò ní fi pamọ́. Kow Yokoyama, oníṣẹ́ ọnà ọmọ Japan, ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn Hobby Japan ní 1982, lábẹ́ orúkọ SF3D. Ilé iṣẹ́ Wave àti Hasegawa ló ń ta kíìtì rẹ̀ báyìí. Ẹ̀wù ogun onírin tí ẹnì kan ń wọ̀ ló pọ̀ jù níbẹ̀. Gíga rẹ̀ lórí tábìlì kò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà sí ti Gundam HG yẹn, ṣùgbọ́n ibi tí HG ti jẹ́ ilé alájà mélòó kan, ènìyàn kan ṣoṣo ni èyí. Ó gba gọ́ọ̀mù, ẹ̀yin lẹ sì máa kun gbogbo rẹ̀. Ibi kíkùn yẹn gan-an ni adùn rẹ̀ wà. Ẹ já fóòmù kékeré, ẹ fi kan ọ̀dà búráùn tó dúdú, ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́ bébà títí tó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ, kí ẹ wá rọra máa fi kan etí irin, ojúgun àti ibi tí ọwọ́ ti ń dì í mú. Ní kíákíá, ike á dà bí irin tí ọ̀dà rẹ̀ ti ń ṣí. Ilẹ̀ mítà 6 sì rọrùn: iyanrìn tí ẹ jọ̀, apá ògiri kan, ó ti tó.

Ti 1/35, ẹni tó ní sùúrù àti ojú inú ló wà fún. Ológun, àgbá epo àti àpótí ìwọ̀n yìí kún ọjà. Àwọn tó ń ṣe àwòṣe ọkọ̀ gbalasa òfuurufú fún fíìmù ní àwọn ọdún 1970 pàápàá, ara kíìtì ọkọ̀ ogun ni wọ́n ti ń já ẹ̀yà lẹ̀ mọ́ tiwọn. Gọ́ọ̀mù olómi Tamiya Extra Thin ni kí ẹ fi lẹ̀ ẹ́: ẹ so méjèèjì pọ̀, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì kan ojú ibi tí wọ́n ti pàdé, ó máa ṣàn wọlé fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n tí ẹ kò bá tíì kan kíìtì kankan rí, ẹ fi èyí sílẹ̀ ná.

Fún ilẹ̀, ẹ má ra ohun olówó ńlá. Fóòmù funfun inú páálí tẹlifíṣọ̀n àti POP tí wọ́n fi ń ṣe àjà ilé á ṣe é. Gọ́ọ̀mù funfun nìkan ni kí ẹ lò sí fóòmù náà, torí súpàgúlù àti ọ̀dà agolo tí a ń fọ́n máa ń jẹ ẹ́. Tí ẹ bá ń bèèrè ọjà láti Japan, ọkọ̀ òfuurufú kì í sábà gba ọ̀dà agolo; Vallejo tàbí ọ̀dà mìíràn tí a ń fi omi pò ni kí ẹ wá nítòsí. Ẹ fi owó àpótí gíláàsì tàbí ike tó mọ́ gaara kún ìṣírò yín láti ìbẹ̀rẹ̀. Eruku ọyẹ́ kì í ṣeé nù kúrò lára eriali tó tínrín bí irun láì ṣẹ́ ẹ.