Àwọn tó wá dán ilẹ̀ mi wò fún sókàwéè ní Ìkẹ́rẹ́: mo fún wọn ní 3 nínú 5

₦80,000 ni wọ́n gbà kí wọ́n tó fi dígà kan ilẹ̀. Bíríkìlà mi rẹ́rìn-ín títí. Ó ní, "Mọ́mì, owó sìmẹ́ǹtì lẹ ń dà nù yìí o. Ẹ jẹ́ ká ṣáà gbẹ́ ẹ jìn, ilẹ̀ á gbé e mì." Mi ò bá a jiyàn, ṣùgbọ́n mo ti rí sókàwéè ọ̀rẹ́ mi kan lọ́nà Adó. Lẹ́ẹ̀rùn, kò sí wàhálà. Tó bá di oṣù kẹsàn-án, omi ẹ̀gbin á máa sun jáde lẹ́bàá ògiri, ọmọdé kan ò ní lè ṣeré lẹ́yìnkùlé.

Ilẹ̀ tèmi jẹ́ pulọ́ọ̀tì kan, ẹsẹ̀ bàtà 60 sí 120, níbi téèyàn ti ń rí òkè Olósùnta gbangba. Ó rọra dà sẹ́yìn, ẹ̀yìn níbẹ̀ náà ni a sì ti ya sókàwéè sí nínú pílánù.

Aago mẹ́jọ ni wọ́n dá. Mọ́kànlá ti kọjá kí wọ́n tó dé, wọn ò sì pè. Inú bí mi gan-an.

Àmọ́ wọ́n mọ iṣẹ́. Wọ́n kọ́kọ́ gbẹ́ kòtò kan lẹ́yìn, tó gba èèyàn lóòró. Òkè rẹ̀ pupa, yangí ló pọ̀ níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n fi máa dé ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin, ilẹ̀ ti ń rí tótòtó bí ara ẹtù, eérú àti pupa. Ọ̀gá wọn fọwọ́ ra á, ó ní, "Omi máa ń dúró síbí lójò, Mà. Ẹ̀ẹ̀rùn ni ò jẹ́ kẹ́ ẹ rí i." Ó bu díẹ̀, ó ta omi sí i, ó ń yí i láàárín àtẹ́lẹwọ́ títí ó fi gùn bí okùn bàtà, kò já. Amọ̀ ni. Wọ́n tún gbẹ́ òmíràn láàárín pulọ́ọ̀tì; erùpẹ̀ ibẹ̀ ò gbà kó yí i, ńṣe ló ń fọ́. Ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà lẹ́yìn níbẹ̀, dígà ró "kéé!" Àpáta. Ta ló máa jẹ́ ọmọ Ìkẹ́rẹ́ tí ìyẹn máa yà lẹ́nu?

Wọ́n wá gbẹ́ ihò kéékèèké, wọ́n rọ omi kún wọn, wọ́n fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì kí ilẹ̀ lè mu yó. Ilẹ̀ gbígbẹ máa ń tan èèyàn jẹ. Láàárọ̀, wọ́n tún rọ omi, wọ́n sì ń wo bó ṣe máa pẹ́ tó kó tó fà sílẹ̀ ní sẹ́ntímítà 15. Tí kò bá gbà tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, omi ẹ̀gbin á sáré kọjá láìjẹ́ pé ilẹ̀ sẹ́ ẹ, kànga ló máa bá a lọ. Tó bá ju nǹkan bíi wákàtí mẹ́rin lọ, ilẹ̀ ò gbà á nìyẹn. Ti àárín gba wákàtí kan àti ogójì ìṣẹ́jú. Ti ẹ̀yìn? Mo jẹun ọ̀sán, mo sùn díẹ̀, mo jí, omi ṣì ń wò mí.

Wọ́n ní ó kéré tán, kí mítà kan wà láàárín ìsàlẹ̀ sókàwéè àti ibi tí omi tàbí àpáta wà. Gbígbẹ́ ẹ jìn tí bíríkìlà ń wí gan-an ni yóò ti ẹ̀gbin bọnú omi. Kànga aládùúgbò mi sì wà ní mítà 12 péré sí ibi tí a yà tẹ́lẹ̀. Láti àárín, ó di 31. Bí mo ṣe gbé sókàwéè wá sí àárín, tí mo fa ilé síwájú nìyẹn, ibi tí mo fẹ́ máa gbé mọ́tò sí sì bá a lọ. Ó dùn mí.

Ìdí tí mi ò fi fún wọn ní 5: ìwé tí wọ́n kọ kò ní àwòrán kankan, èdè ńláńlá ló kún un. Wọ́n rì páìpù sínú ilẹ̀ níbi méjèèjì, wọ́n ní àwọn á padà wá wo omi inú rẹ̀ lóṣù kẹsàn-án. Wọn ò wá, wọn ò gbé fóònù. Èmi ni mo so òkúta mọ́ okùn, mo jù ú sínú páìpù fúnra mi. Ti àárín gbẹ fúrúfúrú. Ti ẹ̀yìn, omi ò ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta sí ojú ilẹ̀.

Bíríkìlà mi ló bá mi di okùn náà mú. Ó wò ó títí, ó wá ní kí n fún òun ní nọ́ńbà wọn, òun ní ilẹ̀ kan ní Ìyìn. Mo fún un, mo ní kó bá wọn dá aago márùn-ún ìdájí.