Ṣé kí a pa páríìṣì kéékèèké (ìjọ Àgùdà ti àdúgbò kọ̀ọ̀kan) pọ̀ ni, àbí kí fádà kan máa bójú tó gbogbo wọn?

Ìbéèrè yìí kì í tán ní dáyósíìsì, ìyẹn agbègbè tó wà lábẹ́ bíṣọ́ọ̀bù kan, tí fádà ò bá ti tó. Òfin Ìjọ Àgùdà ti 1983 fàyè gba méjèèjì.

Bí a bá pa wọ́n pọ̀, ìgbìmọ̀ ìnáwó kan ṣoṣo ló kù, ìwé owó kan. Bí wọ́n bá dá dúró lábẹ́ fádà kan, páríìṣì kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní ìgbìmọ̀ tirẹ̀, fádà á sì máa sáré láti ìpàdé dé ìpàdé. Àárẹ̀ yẹn kì í ṣe ohun kékeré; àwọn aláìsàn tó yẹ kó bẹ̀ wò ló ń jìyà rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ìdàpọ̀ ṣòro láti tú. Bíṣọ́ọ̀bù nìkan ló lè ṣe é, lẹ́yìn tó bá ti gbọ́ ohùn ìgbìmọ̀ àwọn àlùfáà. Ohun ìní àti gbèsè páríìṣì àtijọ́ á bọ́ sọ́wọ́ páríìṣì tuntun. Ní ti fádà kan fún púpọ̀, bí àlùfáà bá pọ̀ sí i lọ́la, ẹ yan òmíràn, ó parí.

Ọ̀pọ̀ ń bẹ̀rù pé ìdàpọ̀ yóò ti ilé ìjọsìn wọn pa. Rárá o. Ìpinnu ọ̀tọ̀ nìyẹn, ó sì nílò ìdí tó wúwo.

Níbi tí ọmọ ìjọ ti ń dín kù lọ́dọọdún, tí kò sì sẹ́ni tó lè ṣe ìgbìmọ̀ mọ́, ìdàpọ̀ ló yẹ. Níbi tí ìjọ ti wà láàyè, tó jẹ́ pé àlùfáà nìkan ló wọ́n, ẹ jẹ́ kí wọ́n dá dúró.