Prẹ́ṣà Wọ́ṣà Elépo àti Oníná: Èwo Ló Yẹ Ilé Yín?

Bí òjò bá ti rọ̀ fún oṣù mélòó kan ní Ìbàdàn tàbí ní Abẹ́òkúta, ojú íńtálọ́ọ̀kì á dúdú, ìdọ̀tí tútù aláwọ̀ ewé á sì bo ẹsẹ̀ ògiri débi pé ẹni tí kò bá wolẹ̀ dáadáa lè yọ̀ ṣubú. Ìgbà yẹn ni ọ̀pọ̀ onílé máa ń ronú àtira ẹ̀rọ tó ń fi agbára tu omi, èyí tí gbogbo wa mọ̀ sí prẹ́ṣà wọ́ṣà. Oríṣi méjì ló wà lórí àtẹ: elépo, tó ní ẹ́ńjìnnì tirẹ̀ bíi ti jẹnẹrétọ̀, àti oníná, tí a ń ki wáyà rẹ̀ bọ ojú iná. Mo ti lo méjèèjì nílé wa, mo sì ti tọ́jú méjèèjì fúnra mi. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹni tó ń mú owó bọ̀ lápò mọ̀ ni pé kì í ṣe agbára ẹ̀rọ ló yẹ ká kọ́kọ́ wò, bí kò ṣe omi tó wà nílé àti irú ìtọ́jú tí ọwọ́ wa lè ká.

Agbára àti omi

Nọ́ńbà méjì ló ṣe pàtàkì lára páálí ẹ̀rọ. Èkíní ni PSI, tó ń sọ bí omi ṣe le tó nígbà tó bá ń jáde; èkejì ni iye lítà omi tó ń jáde ní ìṣẹ́jú kan. Àwọn ọlọ́jà kì í sábà sọ̀rọ̀ kọjá èkíní, bẹ́ẹ̀ sì ni èkejì ló ń gbá ìdọ̀tí lọ lẹ́yìn tí èkíní bá ti tú u kúrò nílẹ̀. Oníná tí a ń lò nílé sábà máa ń wà láàárín PSI 1,300 sí 2,000, pẹ̀lú lítà omi 5 sí 7 ní ìṣẹ́jú kan. Elépo sábà máa ń wà láàárín PSI 2,500 sí 3,200, pẹ̀lú nǹkan bíi lítà 9. Bí a bá fi iye lítà sọ PSI di púpọ̀, elépo tó jẹ́ PSI 2,700 àti lítà 9 á fún wa ní 24,300, nígbà tí oníná tó jẹ́ PSI 1,800 àti lítà 6 á fún wa ní 10,800. Ìyàtọ̀ náà ju ìlọ́po méjì lọ, ojú sì máa ń rí i: ibi ìgbọ́kọ̀sí tí elépo fi wákàtí kan fọ̀ nílé wa, gbogbo àárọ̀ Sátidé ni oníná fi ṣe é.

Ṣùgbọ́n agbára yẹn ń mu omi. Lítà 9 ní ìṣẹ́jú kan jẹ́ lítà 540 ní wákàtí kan, nítorí náà táńkì onílítà 1,000 kò ní pé wákàtí méjì kó tó gbẹ. Ohun tó tún burú ju kí omi tán lọ ni kí omi má yá tó. Táńkì tí a gbé sórí òpó tó ga ní mítà 5 kò lè ti omi ju nǹkan bí ìdajì bar lọ, ìyẹn nǹkan bíi PSI 7 péré, bí róbà tó gbé omi wá bá sì tẹ́ẹ́rẹ́, ebi omi á máa pa pọ́ǹpù, á máa gbọ̀n, á sì máa dún bí ẹni pé òkúta wẹ́wẹ́ wà nínú rẹ̀. Afẹ́fẹ́ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, inú pọ́ǹpù ló sì ń jẹ. Kí ẹ tó ra elépo, ẹ gbé kẹ́ẹ̀gì onílítà 20 sí ẹnu róbà omi yín, kí ẹ sì wo aago. Bí kò bá kún láàárín ìṣẹ́jú méjì, omi yẹn kò tó ẹ̀rọ elépo, oníná ló bá a mu. Ẹni tó ń lo omi bóòhóòlù gbọ́dọ̀ fi asẹ́ sí ẹnu ibi tí omi ń gbà wọlé, èyíkéyìí tó wù kó rà, nítorí yanrìn.

Epo tàbí iná

Oníná sábà máa ń fa iná tó wà láàárín wáàtì 1,400 sí 2,200, ó sì máa ń fà ju bẹ́ẹ̀ lọ nígbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbéra. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí a ń pè ní «I better pass my neighbour» kò lè gbé e rárá. Ẹni tí iná ìjọba kì í dúró ní àdúgbò rẹ̀ á wá máa tan jẹnẹrétọ̀ ńlá nítorí ẹ̀rọ ìfọkọ̀, epo tó sì ń jó lọ níbẹ̀ lè ju ti elépo fúnra rẹ̀ lọ. Ẹ̀rọ elépo ti ilé sábà máa ń jẹ nǹkan bíi lítà kan sí lítà kan ààbọ̀ ní wákàtí kan. Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023, irú ìṣirò báyìí kì í ṣe ohun tí a lè gbójú fò mọ́.

Ariwo elépo pọ̀, èéfín rẹ̀ sì léwu. A kò gbọ́dọ̀ tan án nínú gáréèjì tàbí lábẹ́ fèrèsé tó ṣí sílẹ̀, nítorí afẹ́fẹ́ kan wà nínú èéfín náà tí kò ní òórùn, tó sì lè pani. Ní ti oníná, omi àti iná ni ewu ibẹ̀: ojú ìsopọ̀ wáyà kò gbọ́dọ̀ sùn sínú omi.

Ìtọ́jú

Ibí yìí ni ọ̀nà wọn ti pín jù. Bí a bá ti fọ asẹ́ oníná, tí a fa omi inú rẹ̀ gbẹ, tí a sì ká wáyà rẹ̀ dáadáa, ó tán. Ẹ ṣáà gbìyànjú láti ra èyí tí mọ́tò rẹ̀ kì í lo káábọ̀nù, ìyẹn èédú kékeré tó ń gbé iná wọ inú mọ́tò tó ń yí; ó máa ń wúwo díẹ̀, ṣùgbọ́n ariwo rẹ̀ kéré, ó sì ń pẹ́ kó tó bàjẹ́.

Elépo ń fẹ́ ẹni tí yóò máa rántí rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló ń jáde nínú páálí láìsí ọ́ìlì nínú ẹ́ńjìnnì, ẹni tó bá sì fa okùn láìbu ọ́ìlì sí i lè pa á lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Èyí tó mọ níwọ̀n máa ń gbà tó ìdajì lítà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀. A gbọ́dọ̀ tètè pààrọ̀ ọ́ìlì àkọ́kọ́, láàárín wákàtí 5 sí 20 gẹ́gẹ́ bí ìwé ẹ̀rọ náà bá ṣe wí, nítorí irin wẹ́wẹ́ tó ń há kúrò lára ẹ́ńjìnnì tuntun. Lẹ́yìn náà, ó di wákàtí 50 sí 100. Pọ́ǹpù tún lè ní ọ́ìlì tirẹ̀. Bí ẹ bá wo ojú gíláàsì kékeré tó wà lára rẹ̀, tí ọ́ìlì náà ti funfun bí omi ògì, omi ti wọ inú rẹ̀ nìyẹn, róbà inú rẹ̀ sì ti jẹ. Nígbà ọyẹ́, ẹ máa gbọn asẹ́ afẹ́fẹ́ rẹ̀ léraléra.

Epo tí a fi sílẹ̀ sínú rẹ̀ ló kọ́ mi lẹ́kọ̀ọ́ jù. Mo fi ààbọ̀ táńkì sílẹ̀ láti oṣù Kejìlá títí di oṣù Kẹrin, nígbà tí mo sì fa okùn, kò dáhùn. Nígbà tí mẹkáníìkì tú kábúrétọ̀, ohun kan tó pọ́n, tó lẹ̀ bíi oje igi, ti dí ihò tóóró tí epo ń gbà kọjá. Fọ́nrán wáyà kan ṣoṣo ló fi là á. Láti ìgbà náà, bí n kò bá ní lò ó fún oṣù kan, mo máa ń ti ẹnu epo, mo sì máa ń jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì ṣiṣẹ́ títí yóò fi kú fúnra rẹ̀.

Bí okùn bá le láti fà, ẹ tẹ ìbọn omi kí agbára inú rẹ̀ tú jáde, lẹ́yìn náà kí ẹ fà á. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, ẹ má tú ọwọ́ lórí ìbọn ju ìṣẹ́jú méjì lọ, nítorí omi kan náà ni yóò máa yí ká nínú pọ́ǹpù, tí yóò sì máa gbóná. Mo dúró dá ẹ̀gbọ́n mi lóhùn lórí fóònù lọ́jọ́ kan, ni omi gbígbóná bá tú sí mi lẹ́sẹ̀ láti abẹ́ ẹ̀rọ: fáàfù kékeré tó ń ṣí ní nǹkan bíi dígírì Sẹ́lísíọ́ọ̀sì 60 ló gba pọ́ǹpù náà là.

Ní ti àwọn ẹnu ìtúmi kéékèèké tí a ń ki bọ orí ìbọn, tí àwọ̀ wọn yàtọ̀ síra, pupa ń tu omi bí abẹ́rẹ́, n kò sì rí ohun tí ilé fẹ́ fi í ṣe. Aláwọ̀ ewé dára fún íńtálọ́ọ̀kì, funfun fún ọkọ̀, kó sì jìnnà tó ọgbọ̀n sẹ̀ńtímítà sí ọ̀dà ọkọ̀. Dúdú wà fún ọṣẹ. Omi yìí lè gún awọ ara wọlé. Bó bá bá ẹnikẹ́ni, bí ojú ọgbẹ́ náà kò tilẹ̀ ju orí abẹ́rẹ́ lọ, ilé ìwòsàn ló kàn lójú ẹsẹ̀.

Èwo ni kí ẹ rà?

Ẹni tó ní ọkọ̀ kan àti fàráńdà, tí iná ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ déédéé, oníná ni kó rà, kó má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi PSI ńlá fà á lójú. Ẹni tí ọgbà rẹ̀ gbòòrò, tí omi rẹ̀ yá, tí yóò sì máa yẹ ọ́ìlì wò kó tó fa okùn, elépo ni yóò ṣe é lóore. Bí ẹ bá mọ̀ pé ẹ kò ní ráyè yẹ ọ́ìlì wò, mo bẹ̀ yín, ẹ fi elépo sílẹ̀.

Ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ ní kí wọ́n ṣí páálí lójú yín. Ẹ fa okùn lẹ́ẹ̀mejì láìtan ẹ̀rọ, kí ẹ mọ̀ bóyá ó ń yí geere. Ẹ béèrè bóyá wọ́n ń ta àwọn róbà roboto inú pọ́ǹpù lọ́tọ̀, kí ẹ sì ra mélòó kan mọ́ ọn. Bí ẹ bá tún fẹ́ ra róbà gígùn fún ìbọn, ẹ mú ìbọn náà dání lọ, nítorí oríṣi méjì tó jọra lójú ló wà, tí ihò inú ọ̀kan jẹ́ mìlímítà 14, tí ti èkejì sì jẹ́ 15. Bí ẹ bá so wọ́n pọ̀, omi á máa jò níbẹ̀ ni.