Ẹ ṣọ́ra o: kásẹ́ẹ̀tì "láti Osaka" tí wọ́n ń tà fún wa kì í ṣe ojúlówó

Ẹ̀yin ará mi tí ẹ ń kó géèmù àtijọ́ ilẹ̀ Japan jọ, yálà ti Famicom, Super Famicom tàbí Game Boy Advance (ẹ̀rọ géèmù ilé iṣẹ́ Nintendo ni gbogbo wọn), ẹ dákun, ẹ ka èyí parí kí ẹ tó tún fi kọ́bọ̀ kan ránṣẹ́. Ọkùnrin kan wà láàárín wa níbí ní ìlú Ọba tó ń ta ayédèrú kásẹ́ẹ̀tì ní iye ojúlówó. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ti dé ọ̀dọ̀ àwọn tó yẹ kó dé, mi ò sì fẹ́ fún un ní ohun tí yóò dì mú pé mo ba òun lórúkọ jẹ́. Ṣùgbọ́n gbogbo ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ rẹ̀ ni n ó tú síta, kí ẹ lè dá a mọ̀ tó bá dé ọ̀dọ̀ yín.

Ẹnu rẹ̀ dùn. Ó ní àbúrò òun kan ń gbé ní Osaka, pé gbogbo Sátidé ni àbúrò náà ń wọ Den Den Town, àdúgbò ọjà géèmù ibẹ̀, lọ, tó bá sì ráyè á gba Tokyo lọ wo Akihabara, irú ọjà bẹ́ẹ̀ ti ibẹ̀. Orúkọ ṣọ́ọ̀bù ibẹ̀ ń jáde lẹ́nu rẹ̀ bí ẹni ń ki oríkì. Tó bá ti wá mọ̀ pé ọmọ Yorùbá ni yín, ó parí. "Ẹ̀gbọ́n mi, mo ti bá yín gbé e pamọ́, ẹnì kan ní Houston ti ń bèèrè rẹ̀ o." Ta ni wọ́n á pè ní ẹ̀gbọ́n báyìí tí kò ní fẹ́ tètè sanwó?

Àṣírí tú nítorí bátìrì. Èmi ni mo máa ń bá àwọn ọ̀rẹ́ pààrọ̀ bátìrì inú kásẹ́ẹ̀tì. Èyí tó pọ̀ nínú géèmù Super Famicom tó ń rántí ibi tí èèyàn bá eré dé, bátìrì CR2032 ló ń bá a rántí, ọ̀pọ̀ wọn sì ti wà níbẹ̀ láti àárín ọdún 1990 sí 1999. Wọ́n ti ń kú lọ́kọ̀ọ̀kan. Àbúrò wa kan ní Manchester kó tirẹ̀ ránṣẹ́ sí mi, ó sì fi Rendering Ranger R2, géèmù Super Famicom tó rà lọ́wọ́ ọkùnrin yìí, kún un pé kí n bá òun nu ẹnu rẹ̀, torí ó máa ń kọ̀ láti tan.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ géèmù yẹn á ti máa mi orí. Àwọn ará Jámánì ló ṣe é, ilé iṣẹ́ Rainbow Arts, ọwọ́ Manfred Trenz, síbẹ̀ Japan nìkan ni wọ́n ti kọ́kọ́ tà á, ní oṣù kọkànlá ọdún 1995. Èyí tí wọ́n tẹ̀ kò pọ̀, owó rẹ̀ sì ti kúrò ní owó eré ọmọdé tipẹ́. Irú ẹ̀ gan-an ni oníjìbìtì ń wá: ó wọ́n, ó ṣọ̀wọ́n, ìwọ̀nba èèyàn ló sì ti fi ojú ara wọn rí ojúlówó rẹ̀ rí.

Nígbà tí mo yí kásẹ́ẹ̀tì náà padà, ìwé pélébé kan tó ń dán wà lórí ihò síkúrù rẹ̀. Ó kọ ọ́ sí i pé bí ìwé náà bá ya, kò sí pé à ń dá owó padà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn ju gbogbo ohun tó kù lọ. Nintendo kò lẹ ìwé kankan mọ́ ojú síkúrù Super Famicom. Ẹni tó bá lẹ ọ́, kò fẹ́ kí ẹ rí inú rẹ̀ ni. Mo pe àbúrò wa, ó ní kí n ṣí i, mo bá gbé irinṣẹ́ gamebit 3.8mm, mo tú síkúrù méjèèjì.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti le ni pé ojúlówó ni ara kásẹ́ẹ̀tì náà. Ike rẹ̀, síkúrù rẹ̀, bó ṣe wúwo tó, bó ṣe pọ́n díẹ̀ bíi ti ohun tó ti pẹ́, gbogbo rẹ̀ pé. Ìdí ni pé géèmù béésìbọ́ọ̀lù, mahjong àti pachinko tí kò sẹ́ni tó tún fẹ́ ẹ gbá kún inú agbọ̀n àwọn ṣọ́ọ̀bù àlòkù ní Japan, owó táṣẹ́rẹ́ ni wọ́n ń tà wọ́n. Ọkùnrin náà ra irú wọn, ó ha lébẹ̀lì wọn kúrò, ó lẹ èyí tó tẹ̀ fúnra rẹ̀ mọ́ ọn. Ìyẹn ni gbogbo àyẹ̀wò tí wọ́n máa ń kọ́ èèyàn, pé kí ẹ wọ̀n ọ́n, kí ẹ wo síkúrù, kí ẹ fọwọ́ pa ike, kò fi lè mú un.

Kódà, bọ́ọ̀dù inú rẹ̀ náà ní orúkọ Nintendo lára, torí bọ́ọ̀dù géèmù béésìbọ́ọ̀lù yẹn náà ni. Ohun tó yọ ni chip tí géèmù wà nínú rẹ̀. Lára chip ojúlówó, ẹ ó rí nọ́mbà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú SHVC, lẹ́tà tó tẹ̀ lé e yóò sì bá ti ojú lébẹ̀lì mu. Èyí tí mo rí kò ní SHVC kankan. Chip flash ni, irú èyí tí èèyàn lè kọ géèmù sí fúnra rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò bá ihò bọ́ọ̀dù mu, ni wọ́n bá fi wáyà tín-ín-rín so ó. Òjé tí wọ́n fi jó o mọ́ bọ́ọ̀dù wú jọ, ìdọ̀tí àlẹ̀mọ́ ṣì wà láyìíká rẹ̀. Ojú òjé ti ilé iṣẹ́ máa ń tẹ́jú, ó máa ń mọ́, ìkan kì í ga ju ìkejì lọ.

Torí náà, bí ẹ bá fẹ́ ra Super Famicom tó lówó lórí, fọ́tò bọ́ọ̀dù ni kí ẹ bèèrè, iwájú àti ẹ̀yìn, kí ẹ tó sanwó. Ẹni tó ní ojúlówó lọ́wọ́ kò ní bínú. Bí ó bá ní "ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ò fọkàn tán mi ni?", ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ máa bá tiyín lọ.

Ti Famicom yàtọ̀ o. Kásẹ́ẹ̀tì Famicom kì í sábà ní síkúrù, ṣe ni wọ́n fi eyín ike kan há èkejì, ẹni tó bá fi agbára ṣí i á kán an. Síwájú sí i, Konami, Namco, Sunsoft àti Irem máa ń ṣe kásẹ́ẹ̀tì tiwọn fúnra wọn, torí náà àìsí orúkọ Nintendo lára bọ́ọ̀dù wọn kò sọ pé ayédèrú ni. (Irem tiẹ̀ fi iná pupa kékeré sára àwọn tó kọ́kọ́ ṣe. Mo fẹ́ràn wọn fún ìyẹn.) Níbí, etí ló ń ṣiṣẹ́. Ẹ mú Gimmick! tí Sunsoft gbé jáde ní January 1992, èyí tí ọkùnrin yìí náà ń tà. Chip 5B wà nínú ojúlówó rẹ̀, tó fi ohùn mẹ́ta kún ohùn tí Famicom fúnra rẹ̀ ní. Ọ̀pọ̀ ayédèrú ni kò ní chip yẹn. Eré á tan, á ṣeé gbá, ṣùgbọ́n orin rẹ̀ á fẹ́lẹ́, bíi pé àwọn onílù kan kò wá síbi iṣẹ́. Akumajō Densetsu ti Konami, ọdún 1989, náà rí bẹ́ẹ̀: chip VRC6 ló gbé orin yẹn ró. Kí ẹ tó sanwó, ẹ ní kí ó ká fídíò eré náà lórí Famicom gidi pẹ̀lú ohùn, kí ẹ wá fi wé orin tí ẹ mọ̀.

Game Boy Advance ló rọrùn jù láti mú. Lára lébẹ̀lì ojúlówó, nọ́mbà méjì kan wà tí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀ wọnú ìwé, kò ní yíǹkì, ẹ ní láti gbé e sí ìmọ́lẹ̀ kó tó hàn. Ẹ tún yọjú wo ẹnu rẹ̀ nísàlẹ̀, orúkọ Nintendo yẹ kó hàn lára bọ́ọ̀dù lókè ibi tí irin wà. Èyí tó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí lẹ́rìn-ín ni Mother 3 tó ń polówó pé "ojúlówó, ó wà ní èdè Gẹ̀ẹ́sì". Mother 3 jáde ní Japan ní April 2006, Nintendo kò sì tà á ní èdè Gẹ̀ẹ́sì rí. Àwọn olólùfẹ́ géèmù ló túmọ̀ rẹ̀ fúnra wọn ní 2008. Kásẹ́ẹ̀tì Mother 3 tó bá ń sọ Gẹ̀ẹ́sì, ẹnì kan ló jókòó ṣe é. Kò sí àní-àní níbẹ̀. Bahamut Lagoon, géèmù Super Famicom, náà nìyẹn.

Kí n sọ ọ́ kó yéni: èmi ò bínú sí ẹ̀dà tó bá pe ara rẹ̀ ní ẹ̀dà. Púpọ̀ nínú wa tó dàgbà ní Nàìjíríà, orí TV game tó jẹ́ ẹ̀dà Famicom la ti kọ́kọ́ mọ eré wọ̀nyí, kásẹ́ẹ̀tì kan tó ní ẹgbẹ̀rún géèmù lójú páálí, mẹ́wàá péré nínú. A gbádùn ẹ̀. Ẹni tó bá ta Mother 3 Gẹ̀ẹ́sì fún mi ní £20 tó sì sọ pé òun ló ṣe é, mo lè rà á. Irọ́ àti iye owó ni ẹ̀ṣẹ̀ ibẹ̀.

Ẹ wo fọ́tò ọjà rẹ̀ náà. Kì í ṣe òun ló ń yà wọ́n, ojú ìkànnì àwọn tó ń ta ọjà ní Japan ló ti ń jí wọn. Àwọn ọmọ Japan ìgbà yẹn máa ń fi máakà kọ orúkọ wọn sẹ́yìn kásẹ́ẹ̀tì. Orúkọ ọmọ kan wà lẹ́yìn Rendering Ranger tó fi han àbúrò wa. Èyí tó dé Manchester mọ́ fónífóní. Nígbà tí wọ́n bi í, ó ní òun fi ọtí nù ún fún un ni, ọ̀fẹ́. Ẹ ní kó kọ orúkọ yín àti ọjọ́ òní sórí ìwé, kó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ géèmù, kó ya á.

Tí wọ́n bá wá ká a mọ́, á ní òun ti sọ pé "janku" ni. Irọ́ ni. Lọ́dọ̀ àwọn ará Japan, janku túmọ̀ sí ọjà tí wọn kò fọwọ́ sọ̀yà pé ó ṣiṣẹ́, tí wọn ò sì ní gbà padà. Kò sọ ayédèrú di ojúlówó.

Ó tún ní ìkànnì kan tó pè ní ṣọ́ọ̀bù àbúrò rẹ̀. Òfin Japan ní kí oníṣòwò tó ń tajà lórí íntánẹ́ẹ̀tì kọ orúkọ, àdírẹ́sì àti nọ́mbà fóònù rẹ̀ síbẹ̀. Ẹni tó bá sì ń ṣòwò àlòkù gbọ́dọ̀ ní ìwé àṣẹ kobutsushō láti ọ̀dọ̀ ìgbìmọ̀ ààbò ìlú ti agbègbè rẹ̀, tó ní nọ́mbà méjìlá. Kò sí ọ̀kan nínú wọn lórí ìkànnì yẹn. Nọ́mbà àpò owó ló wà níbẹ̀.

Owó náà nìyí: ó máa ń bẹ̀ yín kí ẹ fi PayPal ránṣẹ́ bíi ti ọ̀rẹ́ àti ẹbí, á sì yọ £15 kúrò fún yín. £15 yẹn ló fi ń ra ẹ̀tọ́ yín, torí irú owó bẹ́ẹ̀ kò ní ààbò oníbàárà. Ẹ̀yin tí ẹ san án bíi ti ọjà, ọjọ́ 180 ni PayPal fún yín láti fi ẹjọ́ sùn, láti ọjọ́ tí ẹ sanwó. Ẹ má jẹ́ kó máa fi "màá yanjú ẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀" jẹ ọjọ́ náà tán. Ẹni tó fi credit card san án tààrà fún un fún ọjà tó ju £100 lọ, kó pe báńkì rẹ̀, kó mẹ́nu ba Section 75, òfin tó lè mú kí báńkì náà dá owó padà. Ẹ tún pe Citizens Advice, àwọn ló ń gbé irú ọ̀rọ̀ yìí fún Trading Standards, àwọn tó ń mú oníṣòwò tó bá rú òfin. Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ pé òun á tún un tà fún ẹlòmíì kí owó òun lè padà. Òfin Trade Marks Act ọdún 1994 kò ní bèèrè ọwọ́ ẹni tó kọ́kọ́ ti jáde.

Èyí tó gbé jáde lọ́sẹ̀ tó kọjá ló jẹ́ kí n tètè kọ èyí. Ó ti bọ́ sórí PC Engine, ẹ̀rọ géèmù ilẹ̀ Japan mìíràn, ó ń polówó Magical Chase ti ọdún 1991, èyí tó jẹ́ ọ̀kan nínú HuCard (káàdì tí géèmù PC Engine wà nínú rẹ̀) tó wọ́n jù. HuCard dà bíi káàdì báńkì tó nípọn díẹ̀, kò ní síkúrù, kò sẹ́ni tó lè ṣí i láìbà á jẹ́. Ó ti rí i pé a ti ń bèèrè fọ́tò bọ́ọ̀dù. Bí ẹ bá ti ń bá a dúnàádúrà lórí rẹ̀, ẹ ní kó fi rísíìtì ṣọ́ọ̀bù tó ti rà á ní Japan ránṣẹ́, pẹ̀lú ọjọ́ àti nọ́mbà kobutsushō ṣọ́ọ̀bù náà. Ẹ̀yin tí ẹ ní ojúlówó Magical Chase nílé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa ya iwájú àti ẹ̀yìn rẹ̀ dáadáa, kí ẹ fi sísàlẹ̀ ibí.